Iná Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Adúmáadán

Ilẹ̀kùn náà kọ̀ fún Adúmáadán nígbà àkọ́kọ́, ó tún kọ̀ fún un nígbà kejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fọhùn.

"Ojú yín gbóná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba ojú oòrùn."

Ohùn rẹ̀ tutù, ó ní ọ̀wọ̀ nínú, bí ohùn ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa tí wọ́n wá rán pé kó lé àlejò jáde. Lókè àtẹ́rígbà, Awòjú tẹ ojú rẹ̀ kan ṣoṣo mọ́ obìnrin náà. Ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ ni ẹ̀rọ yẹn ń wò, kì í wo awọ. Ẹni tó bá fi ojú lásán wo Adúmáadán kò ní rí ohun kan tó pọ́n lára rẹ̀, torí ó dúdú, dúdú rẹ̀ sì ń dán bíi kóró iṣin. Àwọn kókó wẹ́wẹ́ tó sú sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú nìkan ló ń tú àṣírí, àti bí ó ṣe máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú bí ẹni tó ń wò ó bóyá omi ẹ̀kọ ti hó.

Àwọn tó tò sẹ́yìn ti ń pòṣé.

"Ẹ ní sùúrù, Adúmáadán," ni Ìbíwùmí wí. "Ẹ jẹ́ ká yà fún wọn. Ojú oòrùn náà ò kúkú jìnnà."

"Ìyàwó mi, gbọ́ ohun tí ilẹ̀kùn yìí ń sọ. Ó ní ojú mi gbóná, ó wá ní kí n lọ yá oòrùn!" Adúmáadán kọjú sí ẹ̀rọ náà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ẹni ń kí àgbà. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹni tó ṣe yín kò ní ìyá tó bá a wí."

Ẹ̀rín bú sí gbogbo ìlà. Ọkùnrin tó ń pòṣé jù náà rẹ́rìn-ín, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Adúmáadán lè kọjá. Obìnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí mú omi tútù látinú àpò rẹ̀, ó fi lé Adúmáadán lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ fi máa ra ojú lọ, àbúrò mi. Ọlọ́run á tù yín lára."

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Tí wọ́n bá lé Adúmáadán níbì kan, gbogbo èèyàn á bá a kẹ́dùn. Tí ilẹ̀kùn bá ṣí fún Ìbíwùmí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó wọlé.

Wọ́n gba ojú oòrùn. Lápá ọ̀tún wọn ni Ọ̀nà Ibòòji wà, òpópónà tí wọ́n fi àwo tó ń gba agbára oòrùn bò lórí láti Ìsàlẹ̀ Odò títí dé Òkè Ìwòsàn, tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀ bíi ti òwúrọ̀ ọyẹ́. Àwọn olójú tútù ló ń rìn níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀ níta, níbi tí kò sí òrùlé, ni àwọn tí Awòjú bá kọ̀ ń gbà: ẹni tó ń bínú, ẹni tó ń purọ́, ẹni tó mutí, àti irú Adúmáadán tí kò ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni àwọn tó ṣe Òfin Ojú Tútù wí lógún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ìjà àdúgbò fẹ́ẹ̀ tú ìlú ká. Wọ́n mú òwe àwọn àgbà, wọ́n fi rọ irin. Láti ìgbà náà, ẹni tí ojú rẹ̀ bá gbóná kò gbọdọ̀ jókòó ti ọmọdé, kò gbọdọ̀ tọ́jú aláìsàn, kò sì gbọdọ̀ dájọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọdé ni Adúmáadán sì ń tọ́jú. Ọdún méje ló fi kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò wọn, kí iná ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó mú un. Ìyẹn lorúkọ tí àwọn èèyàn sọ àrùn náà. Àwọn dókítà ń pè é ní rosésíà. Ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ fún un ni wọ́n sáré wá ẹni tí yóò di ipò rẹ̀ mú, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì wà nítòsí. Ìbíwùmí ni.

"O dákẹ́," ni Adúmáadán wí bí wọ́n ṣe ń gun òkè.

"Mo ń ronú ni."

"Rò ó sókè kí n gbọ́. Ṣé o mọ̀ pé mi ò sùn lóru àná? Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, tó bá di Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù yìí, èmi náà á tún wà láàárín àwọn ọmọ yẹn. Ìyàwó mi, ó ń ṣe mí bíi kí n máa fò. Òórùn wọn tiẹ̀ ń wù mí. Òórùn ẹ̀pà àti ìtọ̀."

Ìbíwùmí rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ kò bá a dá sí i.

Torí kí ló ní nínú ayé tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, yàtọ̀ sí yàrá ọmọ ogún tó ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn? Nínú agbo ilé Ẹlẹ́kùrọ́, ibi tí wọ́n gbé e wọ̀ ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, Adúmáadán ni gbogbo nǹkan ń yí ká. Òun ni Màmá, ìyá ọkọ Ìbíwùmí, ń bu orí ẹja pa mọ́ fún. Òun ni ọkọ Ìbíwùmí máa ń kọ́kọ́ bi pé, "Kí lo rí sí i?" kó tó yíjú sí ìyàwó. Àǹjọlá pàápàá, ọmọ tí Ìbíwùmí fi ọjọ́ méjì rọbí rẹ̀, tí ó bá ń lálàá tó ń bà á lẹ́rù, orúkọ àǹtí rẹ̀ ló ń ké. Ṣùgbọ́n tó bá ti di aago mẹ́jọ òwúrọ̀, tí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ṣí, tí àwọn ọmọ ní "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí Ìbíwùmí," inú rẹ̀ á tutù, ojú rẹ̀ á tutù. Níbẹ̀ náà ṣá, òjìji ẹni yẹn ṣì wà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ń dá orin fún wọn, wọ́n dákẹ́ lójijì láàárín orin. Ọmọ kan ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí Adúmáadán ń kọ ọ́."

Orúkọ yẹn gan-an, òun Ìbíwùmí ló sọ ọ́! Aya ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tó dé, àwọn ìyàwó àgbà mú un jókòó, wọ́n ní kó sọ àwọn ọmọ ilé lórúkọ tirẹ̀. Ó pe ọ̀kan ní Akọ̀wé, ó pe ọ̀kan ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nígbà tó kan ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó wo awọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó ronú. Gbogbo àdúgbò gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn ẹni tí òun ń jowú.

*

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n nílé ìwòsàn awọ kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Fisáyọ̀ ni wọ́n kọ sí àyà rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ó mú Adúmáadán sùn sórí ibùsùn kan tó rí bí ọkọ̀ ojú omi, ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú omi tí kò ní òórùn, ó sì fa àwòrán kan sọ̀kalẹ̀ látinú afẹ́fẹ́.

"Ẹ wò ó, màmá," ó sọ fún Ìbíwùmí. "Ojú wọn nìyí láti inú."

Ìbíwùmí wò ó. Ó rí i bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò igi. Àwọn iṣan pupa tín-ín-rín, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, wọ́n gun imú, àwọn kan sì ti ń nà lọ sọ́nà ìpéǹpéjú.

"Àwọn iṣan yìí ló yẹ kó máa ṣí, kó máa pa dé," ni nọ́ọ̀sì ń ṣàlàyé. "Tiwọn ti gbàgbé pípadé. Oòrùn bá kàn án, ó ṣí. Ata, tíì gbígbóná, ẹ̀rín àrínjù, ó ṣí. Ìmọ́lẹ̀ la fẹ́ fi rán wọn padà sùn. Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún awọ funfun, tó ń jó tiwa. Ìmọ́lẹ̀ tèyí máa ń fo dúdú dá, ó ń lọ bá pupa. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la máa ṣe é. Tòní ni ìkíní."

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ó máa ń dùn?" ni Adúmáadán béèrè.

"Bí ìgbà tí wọ́n ń ta yín ní rọ́bà. Pá, pá, pá."

"Háà. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi ti fi rọ́bà ta mí ju ìyẹn lọ."

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. Adúmáadán ti fa òun náà mọ́ra. Ìbíwùmí rí i bí ó ṣe fi ọwọ́ gbá irùn Adúmáadán sẹ́yìn, pẹ̀lú ìfẹ́, bí ẹni pé wọ́n ti mọra láti ọdún márùn-ún.

"Ó ku ẹ̀rí," ni nọ́ọ̀sì wí. Ó ti àga kan síwájú Awòjú kékeré tó wà lára ògiri. "Màmá, ẹ wá jókòó síbí. Àwọn oníbìínú kan ti ń wá gba ìmọ́lẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀ kí ojú wọn lè tutù, kí ilẹ̀kùn má baà mọ̀ wọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹnì kan tó ń bá aláìsàn jẹ nínú ìkòkò kan náà wá jẹ́rìí. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ìbátan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọdún méje ó kéré tán. Ẹ̀yin ti ṣe mọ́kànlá, àbí?"

"Mọ́kànlá."

"Ó dáa. Ẹ máa pe orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ní ọjọ́ kẹjọ. Èmi ò gbọdọ̀ pè é ṣáájú yín. Lẹ́yìn náà ẹ ó sọ pé, 'Mo mọ̀ ọ́n, kì í ṣe oníbìínú.' Ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yára o. Ìmọ́lẹ̀ ti ń gbaradì. Tí kò bá rí ojú tàn sí kó tó di aago mẹ́wàá, yóò kọjá sí àdúgbò tó kàn, kò sì ní tún yí kan àdúgbò yín àfi lẹ́yìn ọdún mẹ́rin."

Ọdún mẹ́rin.

Ìbíwùmí la ẹnu. Orúkọ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá lójoojúmọ́ fún ọdún mọ́kànlá, kò sí bí kò ṣe ní mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí ó ṣe fẹ́ tú u jáde, ó rí ihò kan lára ògiri, ihò tí àṣà ti lu sílẹ̀ dè é kí wọ́n tó bí i. Ó sì gba ibẹ̀ jáde.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú," ó wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òrí. "Aya ilé ni mí. Èmi kì í pe orúkọ ọmọ ilé."

"Ẹ kì í pè é báwo?"

"Mo bá wọn nílé. Àwa kì í pe ẹni tá a bá nílé lórúkọ. Adúmáadán ni mò ń pè wọ́n."

Awòjú tan ìmọ́lẹ̀ búlúù kan. "A kò mọ orúkọ yìí," ló wí.

Nọ́ọ̀sì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Nínú ilé alájà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, níbi tí olúkúlùkù ń tilẹ̀kùn jẹun. "Màmá, mo ti gbọ́ pé wọ́n ń ṣe irú ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìwòsàn lèyí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ta ni yóò gbọ́?"

"Èmi á gbọ́," ni Ìbíwùmí wí.

Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á, bí ó ṣe sọ ọ́ dáadáa tó.

Adúmáadán ti dìde jókòó lórí ibùsùn. Omi dúró sí i lójú. Ìbíwùmí rò pé ìbànújẹ́ ni. Ó tún un wò, ó rí i pé ìwúrí ni.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ rí ìyàwó tí wọ́n fẹ́ fún wa?" ló wí. "Ọdún mọ́kànlá, kò kọsẹ̀ rí. Ṣé nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi ni yóò wá kọsẹ̀ lónìí? Rárá o. Ẹ pa iná yín. Tó bá jẹ́ ọdún mẹ́rin, kó jẹ́ mẹ́rin."

"Àǹtí, ẹ ronú sí i..."

"Mo ti ronú. Ìyàwó mi, má wò mí bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n délé sọ fún Màmá. Wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Títí tí ilẹ̀ á fi ṣú ni wọn á máa ki ẹ́. Gbogbo agbo ilé ló máa gbọ́ irú ẹ̀kọ́ tí ìyá tó bí ẹ fún ẹ."

Ohun tí Ìbíwùmí ń fẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́, wọ́n tiẹ̀ tún fi ìyìn wé e. Yàrá ọmọ ogún di tirẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Kò purọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ìwà rere ló hù. Kí ló wá dé tí inú rẹ̀ kò fi dùn? Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Ó ń rò ó bí yóò ṣe rí. Gbogbo ìgbà tí àlejò bá wá, Màmá á ní, "Ẹ wá wo ìyàwó wa tó mọ àṣà." Wọn á máa bu orí ẹja fún un. Ẹni tí òun ṣẹ̀ á sì jókòó lódìkejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á máa jó, á máa rẹ́rìn-ín, á máa ní òótọ́ ni. Kódà nínú òfò, obìnrin yìí ṣì fi ìwà jù ú lọ! Kò tiẹ̀ fún èèyàn láyè kó ṣẹ́gun rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ń ká àwòrán náà kúrò, ọwọ́ rẹ̀ wúwo. "Àǹtí, mo kàn fẹ́ bi yín. Ṣé ẹyinjú yín máa ń ta yín láàárọ̀?"

"Bí iyanrìn," ni Adúmáadán wí. "Ó ti tó oṣù mẹ́ta. Mi ò sọ nílé. Màmá á kàn máa sunkún."

"Ó ti ń wọ ojú nìyẹn. Mo rí i lórí ìpéǹpéjú. Ẹlòmíì, tó bá pẹ́ tí wọn ò tọ́jú ẹ̀, ó lè dí i lọ́wọ́ láti ríran dáadáa."

"Èwo ni kí n ṣe? Mo ní kẹ́ ẹ pa iná."

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ìbíwùmí gbọ́ tí ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ ń kùn nídìí ògiri bí oyin inú akèrègbè. Ó gbọ́ tí ohùn kan sọ orúkọ náà, àfi bí ẹni pé ẹlòmíì ló wà nínú yàrá.

"Fadérera."

Adúmáadán yí orí padà díẹ̀díẹ̀.

"Fadérera, ọmọ Ẹlẹ́kùrọ́," Ìbíwùmí tún wí, ọwọ́ rẹ̀ di àga mú. "Mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe oníbìínú."

Awòjú wò ó. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ funfun, ó wá pọ́n.

"Orúkọ bá ìwé mu. Ojú ẹlẹ́rìí gbóná. A kò lè gba ẹ̀rí yìí."

"Háà, màmá!" Nọ́ọ̀sì sáré wá. "Kí ló dé? Ṣé nítorí pé ẹ pe orúkọ ni? Ìtìjú náà máa ń mú ojú gbóná."

"Kì í ṣe ìtìjú."

"Bí kì í bá ṣe ìtìjú, ẹ gbọ́ o. Ọ̀nà kan ló kù. Ẹ sọ ohun tó ń hó nínú yín, bó ṣe rí gan-an. Tí ọ̀rọ̀ yín bá bá ooru ojú yín dọ́gba, yóò gba ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n á wọ inú ìwé yín." Nọ́ọ̀sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Iṣẹ́ kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń tọ́jú ọmọdé."

"Tóò. Oṣù mẹ́ta lẹ ò ní lè wọ ilé-ẹ̀kọ́."

Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìbíwùmí wo Awòjú, ó wá rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló yẹ kí òun wò. Ó yí àga padà. Fadérera jókòó síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń fì, omi inú ẹyinjú rẹ̀ kò tíì gbẹ.

"Owú ni," ni Ìbíwùmí wí. "Mò ń jowú yín."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin. Tí ọmọ mi bá lálàá, ẹ̀yin ló ń pè. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń gbọ́ ọ, mi ò sì ní wọlé. Èmi ni mo sọ yín ní Adúmáadán, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lorúkọ náà ń dùn lára. Ọbẹ̀ tí mo sè, tẹ́ ẹ bá ti ní ó dùn, ó dùn nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, gbogbo ilé á dákẹ́. Mo mọ orúkọ yín. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Àṣà kọ́ ló dí mi lẹ́nu. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ sàn ni."

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ó kù," ni Awòjú wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ìbíwùmí ṣẹ́jú. Ó ti rò pé ó tán. Ó rò pé òun lè fi ìyẹn tó kù sílẹ̀ níbi tó wà, níbi tí òun fúnra òun kì í tiẹ̀ í wò.

"Ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ kọ̀ fún yín," ó wí. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ má sí mọ́. "Èmi ni mo se ọbẹ̀ àárọ̀. Mo ti rí i pé ata rodo máa ń ru ojú yín sókè. Mo ju mẹ́ta kún un. Mo ti ń sọ fún ara mi látìgbà náà pé ọwọ́ mi ló ṣì. Kò ṣì."

Ìmọ́lẹ̀ pupa náà kò kúrò. Ojú Ìbíwùmí ṣì ń jó. Ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀rọ yí padà.

"Ọ̀rọ̀ bá ojú mu. A gba ẹ̀rí."

Fadérera na ara rẹ̀ sẹ́yìn lórí ibùsùn, ó sì di ojú rẹ̀ méjèèjì. Nọ́ọ̀sì fi abala irin kékeré méjì bo ìpéǹpéjú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé, ó fi òróró tútù pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbé ẹnu ẹ̀rọ náà lé e.

Pá. Pá. Pá. Òórùn irun jíjó díẹ̀ gba yàrá. Ní gbogbo ìgbà tó bá dún, ìka ẹsẹ̀ Fadérera á ká. Lórí àwòrán, gbòǹgbò pupa kan á gbọ̀n, á dúdú, á parẹ́. Ìbíwùmí jókòó sórí àga rẹ̀ títí tí gbogbo rẹ̀ fi parí, kò sì sí ẹni tó ní kó dúró, kò sí ẹni tó ní kó máa lọ.

*

"Wákàtí kan," ni nọ́ọ̀sì wí nígbà tó ṣe tán. Ó gbé abọ́ omi yìnyín kan kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. "Wọn ò gbọdọ̀ dìde. Ojú wọn á wú, á gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ títí di ọ̀túnla, ẹ má jáyà. Kí ẹnì kan máa fi aṣọ yìí lé e. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o, ẹ kàn gbé e lé e. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ tún un rẹ." Ó wo àwọn méjèèjì, ó sì jáde.

Ìbíwùmí kúnlẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó rẹ aṣọ, ó fún un, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ojú náà ti wú lóòótọ́, ó ń dán, ó dúdú bí ẹyìn ọ̀pẹ tó gbó. Abala irin ṣì wà lórí ìpéǹpéjú rẹ̀, kò sí bí èèyàn ṣe máa mọ ohun tó ń rò.

"Mo rántí ọbẹ̀ yẹn," ni Fadérera wí.

Ìbíwùmí tún aṣọ náà rẹ sínú omi.

"Ó dùn."

"Ẹ dákẹ́, ojú yín..."

"Mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí Màmá wá tọ́ ọ wò." Ẹ̀rín kúrò nínú ohùn rẹ̀. "Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ fún ọ, ìyàwó. Má retí ẹ̀ lónìí."

"Mi ò retí."

"Tá a bá délé, ìwọ fúnra ẹ ni yóò sọ ìdí tí o ò fi ní lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́. Mi ò sì ní bá ẹ bò ó."

"Mo gbọ́."

Níta, nínú gbọ̀ngàn, wọ́n gbọ́ tí obìnrin kan ń bi nọ́ọ̀sì pé báwo ni ara àǹtí aláwàdà yẹn, tí ilẹ̀kùn lé lówùúrọ̀, ṣé ó ti rí ìwòsàn, pé kí wọ́n bá òun kí i. Ìbíwùmí gbọ́ ọ, ó sì tún gún un lọ́kàn, níbi tó máa ń gún un náà gẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹnì kejì rẹ̀.

Fadérera náà gbọ́ ọ. Ó yí ojú rẹ̀ tí kò ríran sọ́dọ̀ rẹ̀.

"O ṣì ń jowú mi?"

Ìbíwùmí ronú sí i, torí ó tọ́ sí ìrònú.

"Mo ṣì ń jowú yín."

"Aṣọ yẹn ti lọ́ wọ́ọ́rọ́," ni Fadérera wí.

Ìbíwùmí ká a kúrò. Ó tì í bọ inú omi yìnyín títí dé ọrùn ọwọ́, ó fún un dáadáa, ó sì gbé e padà lé e, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láì tẹ̀ ẹ́.